Aṣọ Kàdíjà Tí Mi Ò Gé

Gáùn kan wà tí mo fi kọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi lọ́nà Ìwó. Inú ọ̀rá ni mo fi í sí kí eruku má bà á jẹ́. Àǹkárá aláwọ̀ aró ni, ó ní òdòdó pupa wẹ́wẹ́ lára, mo sì fi ọwọ́ mi rán bọ́tìnnì mọ́kànlá sí i lẹ́yìn, ohun tí n kì í ṣe fún ẹnikẹ́ni mọ́ nítorí ojú mi. Kò sí obìnrin tó wọlé tí kì í béèrè pé èló ni. Màá ní kì í ṣe títà. Bó bá tún béèrè, màá jágbe mọ́ ọn. Mo mọ̀ pé ẹni tó ń wá oúnjẹ òòjọ́ kì í jágbe mọ́ oníbàárà, ṣùgbọ́n inú ti máa ń tètè bí mi láti kékeré, ọ̀rọ̀ gáùn yìí sì tún wá dá kún un.

Mùtmàínà ló ni gáùn náà. Mútì là ń pè é. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni, ó ń kọ́ èdè Faransé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni kan tí kò jìnnà sí wa. Mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀, mi ò sì ní í yọ ti ara mi kúrò níbẹ̀, torí èmi gan-an ni mo ṣẹ ọmọ náà.

Àbíjàn ni wọ́n bí i sí. Ọ̀rẹ́ mi ni Mùhámmẹ́dù bàbá rẹ̀. Ẹ̀jìgbò kan náà la ti gbéra, àgbàlá kan náà la gbé lọ́hùn-ún, kó tó di pé ó ṣàìsàn, ó kú, ó fi ìyàwó rẹ̀ Kàdíjà àti ọmọ kan ṣoṣo sílẹ̀. Lọ́dún 2011, nígbà tí ìbọn ń dún lójú pópó níbẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìbò, àwọn ará wa bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù bọ̀ wálé. Èmi náà di tèmi. Kàdíjà ní òun ò lè fi àtẹ ọṣẹ àti ìpara òun sílẹ̀ lọ́jà Ajame, ṣùgbọ́n ó mú Mútì wá bá mi nídìí bọ́ọ̀sì. Ọmọ ọdún méje ni nígbà náà. Ìyá rẹ̀ ní, "Ẹ bá mi mú un délé, Wàhábì. Bí ìlú bá ti rọ̀, mo ń bọ̀ wá mú un." Ọmọ náà sunkún títí a fi ré kọjá bodè Gánà. Ó bì sí mi ní ṣòkòtò. Mo bá a wí, mo sì tún gbé orí rẹ̀ lé èjìká mi kó lè sùn. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè mí ní Tọ́ńtọ́n, bí àwọn ọmọ Àbíjàn ṣe máa ń pe ẹni tó bá dà bí àbúrò bàbá wọn. Kò sí ẹlòmíràn tó ń pè mí bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Ẹ̀jìgbò. Bàbá Télọ̀ ni mo jẹ́ fún àwọn tó kù.

Ìlú rọ̀ lóòótọ́, Kàdíjà kò wá mú un. Mi ò dá a lẹ́bi. Wọ́n ti kó ọjà rẹ̀ lọ nígbà ìjà yẹn, ìsàlẹ̀ ló tún ti bẹ̀rẹ̀. "Lọ́dún tó ń bọ̀" ló máa ń wí, ọdún tó ń bọ̀ náà á dé, á tún di ọdún tó ń bọ̀ mìíràn. Sàídátù, àbúrò bàbá Mútì, tí ilé rẹ̀ dojú kọ ṣọ́ọ̀bù mi, ló tọ́ ọmọ náà. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni Kàdíjà wálé láàárín ọdún mẹ́rìnlá. Èyí tó wá gbẹ̀yìn, lọ́dún 2018, ọjọ́ mẹ́sàn-án ló lò. Yàtọ̀ sí ìyẹn, inú fóònù ni Mútì ti ń rí ìyá rẹ̀. Ó mọ ojú rẹ̀, ó mọ ẹ̀rín rẹ̀, ṣùgbọ́n ó sọ fún mi nígbà kan pé òun ti gbàgbé bí ìyá òun ṣe ga tó.

Bóyá ìdí nìyẹn tí fóònù kì í fi í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá ti kọ́lẹ́ẹ̀jì dé lọ́jọ́ Jímọ̀, ọ̀dọ̀ mi ló máa ń kọ́kọ́ yà sí. Á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, á máa wo fíìmù àwọn ará Kòríà, èyí tí ọkùnrin olówó kan á máa tẹ̀ lé ọmọ tálákà kiri fún odindi wákàtí mẹ́rìndínlógún kí wọ́n tó di ọwọ́ ara wọn mú. Á sunkún, á rẹ́rìn-ín, á ní kí n wá wò ó. Màá ní ṣé àwọn èèyàn yẹn ò níṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ni? Kò sí orin tuntun tó jáde ní Àbíjàn tí kì í kọ́kọ́ dé ẹnu rẹ̀. Ó ní ojú ewé kan lórí Tíkítọ́ọ̀kì, níbi tó ti ń jó ijó àwọn ará ọ̀hún, tó sì ń fi àwàdà kọ́ àwọn èèyàn ní Faransé. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin èèyàn ló ń tẹ̀ lé e níbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọmọ Ẹ̀jìgbò tó wà ní Àbíjàn. Bó bá ń jó ní ṣọ́ọ̀bù, ilẹ̀ á máa mì, abẹ́rẹ́ mi á máa fò. Mo máa ń ní kó lọ jó níwájú ilé Sàídátù. Kì í lọ, mi ò sì fẹ́ kó lọ.

Inú oṣù karùn-ún ọdún yìí ni Kàdíjà ní ó tó gẹ́ẹ́, kí ọmọ òun wá lo ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ lọ́dọ̀ òun. Ọ̀sẹ̀ méje. Ó ti bá Ràmọ́nù, ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ tó ń ná Àbíjàn, sọ̀rọ̀ ìjókòó. Ẹ ò rí ayọ̀! Ọmọ náà kọ gbogbo ohun tó fẹ́ ṣe sínú fóònù, ó ń kà á sí mi létí bí ẹni ń ka hántù. Òun àti màmá òun á jẹ àṣẹkẹ́, oúnjẹ gbágùúdá àwọn ará ọ̀hún, pẹ̀lú ẹja díndín létí ọ̀sà. Wọ́n á lọ wo òkun ní Basam. Wọ́n á lọ wo olórin kan tó ń ṣeré ní pápá ìṣeré, ó ti mọ ọjọ́ rẹ̀, ó mọ aago rẹ̀. Òun á bá màmá dirun. Òun á fi ẹ̀yìn ti ẹ̀yìn wọn kí òun lè mọ ẹni tó ga jù. Èyí tó gbẹ̀yìn, tó sì jẹ ẹ́ lógún ju gbogbo rẹ̀ lọ, ni pé àwọn méjèèjì á wọ gáùn kan náà, wọ́n á jó, wọ́n á gbé e sórí Tíkítọ́ọ̀kì kí gbogbo ayé rí i pé òun náà ní ìyá.

Mo ní, "Kàdíjà tí mo mọ̀ yẹn ló fẹ́ jó?"

"Ẹ ò mọ̀ wọ́n mọ́, Tọ́ńtọ́n. Wọ́n ti ń kọ́ ọ níwájú dígí."

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù keje, Kàdíjà fẹ́ gbé páálí ọṣẹ kan nídìí àtẹ rẹ̀, ó sì ṣubú. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, ó ti dákẹ́. Mùsùlùmí ni wá, a kì í fi òkú falẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀ wọ́n ti wẹ̀ ẹ́, wọ́n ti kírun sí i lára, wọ́n ti sin ín.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni Sàídátù ránṣẹ́ pè mí. Mo bá Bàbá Sàlàkọ́ níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá Mútì, tó ti oko rẹ̀ ní Ọlà dé. Mútì wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni ìdánwò rẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀. Nílẹ̀ wa, a kì í já ikú ìyá lu ọmọ létí. Àgbà ló ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, láàárọ̀, lẹ́yìn tí ọmọ bá ti jẹun, tí àwọn tó máa dì í mú sì wà nítòsí. Bó bá wà lẹ́nu ìdánwò, a máa ń dúró kó ṣe é tán. Bí a ṣe bá a nílẹ̀ nìyẹn. Bàbá Sàlàkọ́ ní kí ẹnikẹ́ni má yanu títí ìdánwò á fi parí, òun á wá sọ ọ́ fúnra òun. Sàídátù ní òun á sọ fún Mútì pé fóònù ìyá rẹ̀ ló bọ́ sómi. Àwọn méjèèjì wá ń wo ojú mi. Mo ní, "A kì í dákẹ́ ká ṣìwí." Èmi Wàhábì ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Òwe náà sì dùn lẹ́nu mi lọ́jọ́ yẹn.

Odindi àdúgbò gba ẹnu ara wọn mú. Àwọn alátẹ, àwọn ọlọ́kadà, àwọn ọmọ kéúkéú, kò sí ẹni tó jẹ́ kó ta sí ọmọ náà létí. Bí ẹ bá rò pé ìlú wa ò lè pa àṣírí mọ́, ẹ ò mọ̀ wá.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò rò ni pé òkú náà ti fi ẹrù ránṣẹ́. Lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ kan ṣáájú ikú rẹ̀, Kàdíjà fi ẹrù rán Ràmọ́nù. Bodè mẹ́rin ló wà lọ́nà, ọjọ́ Àbámẹ́ta ló dé, Mútì sì wálé lọ́jọ́ náà láti wá mú gàrí tó máa fi ṣèdánwò. Mo rí i tó ń sáré bọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi, ó gbé àpò ọ̀rá lé orí. Ó tú àǹkárá yáàdì méjìlá sórí tábìlì, ó ní, "Ẹ gbọ́, Tọ́ńtọ́n, màmá ní iṣẹ́ sí yín," ó sì tẹ fóònù. Ohùn tí ìyá rẹ̀ ti gbà sílẹ̀ ní ọjọ́ Ajé yẹn, tó fi ránṣẹ́ lórí Wáàsáàpù, ló ń sọ̀rọ̀.

"Wàhábì, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé ẹ ṣì ń jágbe mọ́ àwọn èèyàn? Ẹ bá mi rán gáùn méjì, ti ọmọ mi àti tèmi. Télọ̀ ibí ò mọ ọrùn gé. Ẹ má sì wá lo ìwọ̀n àtijọ́ fún mi o, mo ti sanra. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Àyà, ìńṣì méjìlélógójì. Ìbàdí, mẹ́rìndínláàádọ́ta. Ẹ má rẹ́rìn-ín! Gígùn, méjìléláàádọ́ta. Kẹ́ ẹ fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì o, mo ṣì ń jẹun."

Mútì kú fẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ ò gbọ́ màmá yìí? Ìyẹn ni wọ́n sọ tán tí fóònù wọn fi bọ́ sómi." Mo mú bírò, mo kọ ìwọ̀n òkú sínú ìwé mi, níwájú ọmọ rẹ̀. Mo kọ nọ́ńbà kan, mo pa á rẹ́, mo tún un kọ. Ọmọ náà rí i, ó ní, "Ọjọ́ orí ti dé, Tọ́ńtọ́n." Mo jágbe mọ́ ọn pé kó jẹ́ kí n gbájú mọ́ṣẹ́. Mo fẹ́ sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀ yẹn. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀fun mi. Mo rántí ìdánwò, mo rántí Bàbá Sàlàkọ́, mo gbé e mì.

Ọjọ́ kejì ni mo gé ti Mútì. Ti Kàdíjà, mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì, mo fi ẹfun fa ìlà rẹ̀, mo fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì gẹ́gẹ́ bó ṣe wí. Mo gbé àlùmọ́gàjí, ọwọ́ mi ò lọ. Mo ti gé aṣọ funfun tí wọ́n fi ń sin òkú rí, kò ṣe mí ní nǹkan kan, iṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n aṣọ aláràbarà tí ẹni tó ṣì ń jẹun ní kí n bá òun gé, ta ló máa wọ̀ ọ́? Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo gbé àlùmọ́gàjí tí mo tún sọ ọ́ kalẹ̀. Mo ká aṣọ náà, mo tì í sí ìsàlẹ̀ àpótí. Bí Mútì bá wá, á ní, "Ẹ ti gé ti màmá?" Màá ní mo ti gé e. Lọ́sẹ̀ kejì, mo ní mo ti ń rán an. Lọ́sẹ̀ kẹta, mo ní mo ti lọ̀ ọ́, pé ó wà nínú ọ̀rá, kó má fọwọ́ bà á kó má rún.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé ìbẹ̀rẹ̀ ìdánwò ló wá wọ tirẹ̀ wò. Ó bá a lára mu bí ẹni pé ara rẹ̀ ni wọ́n hun ún sí. Ó gbé fóònù lé orí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, ó jó, ó ń kígbe ní Faransé pé, "Màmá, mò ń bọ̀!" Ó fi í sórí Tíkítọ́ọ̀kì. Ó yẹ kí n dá a dúró. Irú ọ̀rọ̀ wo ni mo fẹ́ fi dá a dúró? Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó fi ohun tí àwọn èèyàn kan kọ sábẹ́ rẹ̀ hàn mí, ará Ajame ni gbogbo wọn. Ọ̀kan ní, ojú ò tì ọ́? Òmíràn ní, ọmọ báyìí, kí la bí i fún? Mútì pòṣé. Ó ní, "Ó jọ pé gáùn yín ló fún mọ́ mi lára jù lójú wọn." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn onísọkúsọ ni wọ́n. Wọn ò mọ̀ pé a pa á mọ́ fún ọmọ náà, àwa náà ò sì ránṣẹ́ sọ fún wọn. Ìlú kan ń dákẹ́ níhìn-ín, ìlú kan ń bú u lọ́hùn-ún.

Ìdánwò parí. Ìgbà náà ló wá di pé a ń ti ọ̀rọ̀ náà síra wa bí iṣu gbígbóná. Sàídátù ní ẹnu òun ò gbà á, Bàbá Sàlàkọ́ ló ṣèlérí. Bàbá Sàlàkọ́ ní òjò ò jẹ́ kí òun kúrò lóko. Bọ́ọ̀sì Ràmọ́nù máa gbéra lọ́jọ́ Àìkú. Mútì ti di báàgì rẹ̀, ó ti dirun, ó fi irun pupa sí i. Mo lọ bá Sàídátù, mo pariwo lé e lórí, mo ní ṣé ibojì ni wọ́n fẹ́ kí ọmọ náà lọ bá lójijì? Ó sunkún. Ó pe Bàbá Sàlàkọ́ lójú mi, ìyẹn sì búra pé Ọjọ́bọ̀ lòun máa wá, pé lọ́jọ́ náà lòun máa sọ ọ́.

Ọjọ́bọ̀ pé lóòótọ́, ó dé. Láti ṣọ́ọ̀bù mi ni mo ti rí ọ̀kadà tó gbé e wá. Ó wọ ilé Sàídátù, ó lò tó wákàtí kan, ó sì jáde, ó ń fi fìlà nu ojú. Mo ní, Alihamudulilahi, ó ti sọ ọ́. Kò pẹ́ sí i ni Mútì gba títì kọjá sọ́dọ̀ mi. Híjáàbù dúdú ló wọ̀, ó balẹ̀ dé orúnkún. Ojú rẹ̀ wú, ó pọ́n kankan. Kò kí mi ní Faransé, kò mú fóònù lọ́wọ́, ó kàn jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó di ọwọ́ mọ́ ara. Ọkàn mi bàjẹ́ fún un. Mo pa ẹ̀rọ, mo lọ jókòó tì í, mo gbé ọwọ́ lé e lórí.

Mo ní, "Mútì, ọmọ mi, Ọlọ́run á tẹ́ Kàdíjà sí afẹ́fẹ́ rere. Á forí jìn ín. Wọ́n ní kò jẹ̀rora, ọmọ mi. Ẹnu iṣẹ́ rẹ̀ ló wà tó fi lọ."

Ó gbójú sókè. Ó ń wò mí bí ẹni tó ń wá ọ̀nà láti rẹ́rìn-ín.

"Tọ́ńtọ́n, Kàdíjà wo?"

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo tó gbọ́ bó ṣe jẹ́. Àárọ̀ ọjọ́ náà ló wo apá ìkẹyìn fíìmù Kòríà rẹ̀ tán, ọkùnrin inú rẹ̀ kú, òun ló ń sunkún sí tí ojú rẹ̀ fi wú. Híjáàbù náà, ó wọ̀ ọ́ kí Bàbá Sàlàkọ́ má bàa rí irun pupa. Fóònù rẹ̀ wà nílé, iná ló ń fà. Ní ti Bàbá Sàlàkọ́, ó jókòó, ó mu omi, ó mi kanlẹ̀, ó ní kí Mútì máa gbàdúrà fún ìyá rẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà ló gbé àpò gàrí Ọlà kan fún un pé kó bá òun gbé e fún Kàdíjà, ó sì dìde, ó lọ. Òógùn ló ń nù, tàbí omijé, mi ò mọ̀. Àgbàlagbà náà dé ẹnu ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì lé e padà.

"Tọ́ńtọ́n, mo ní Kàdíjà wo?"

Mi ò lè pa irọ́ mìíràn. Mo sọ fún un. Ó béèrè ọjọ́ wo, mo sọ ọjọ́. Ó fi ìka kà á, ó kà á títí ó fi pé ọgbọ̀n.

"Ẹrù wọn dé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta," ó ní. "Nígbà tí mo jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ohùn wọn, ẹ ti mọ̀?"

"Mo ti mọ̀."

"Gbogbo yín?"

"Gbogbo wa."

Mo rí i nígbà tí èkejì yé e, torí ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. "Mo jó," ó ní. "Màmá mi ò tíì lo ọ̀sẹ̀ méjì nínú ilẹ̀, mo wọ aṣọ wọn, mo jó. Gbogbo Ajame ló rí mi. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀, Tọ́ńtọ́n, ẹ ń wò mí."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, èmi àgbà. Òun ò tíì sunkún. Ó ní kí n mú aṣọ màmá òun wá. Mo ní, "Mútì, jẹ́ kó di ìgbà mìíràn." Ó ní, "Ẹ mú un wá." Mo lọ sídìí àpótí, mo gbé e fún un bó ṣe wà. Ó tú u sórí tábìlì, ó ń wá apá, ó ń wá ọrùn. Ìlà ẹfun nìkan ló rí. Ó fi ìka tọ ìlà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Ẹ ò gé e."

"Ọwọ́ mi ò gbé e, ọmọ mi."

Ó gbé aṣọ náà, ó fi í bojú, bóyá ó ń wá òórùn ìyá rẹ̀. Kò lè rí ju ti ẹfun àti àpótí mi lọ, ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti tì í pa síbẹ̀. Inú aṣọ náà ló ti sọ èyí tí mi ò lè gbàgbé: "Ẹ̀yin lẹ mú mi kúrò lọ́dọ̀ wọn. Nínú bọ́ọ̀sì, ẹ ní mo máa padà rí wọn. Ẹ̀yin nìkan ni mo rò pé ẹ ò ní í purọ́ fún mi." Ìgbà náà ló wá bú sẹ́kún, irú ẹkún bọ́ọ̀sì ọjọ́ kìíní náà, Sàídátù sì sáré gba títì kọjá láìwọ bàtà.

Mo ti rò ó títí. Bí a bá sọ fún un lọ́jọ́ kejì ikú, bóyá ì bá má lè ṣe ìdánwò. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ni ó kú, kì í ṣe ìyá wa. A fún un ní ọgbọ̀n ọjọ́ ayọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀, a sì gba ọgbọ̀n ọjọ́ tí ì bá fi sunkún ìyá rẹ̀. Èmi tí mo mọ̀ ọ́n jù ni mo dákẹ́ jù.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo gbé gáùn rẹ̀ lọ bá a nídìí bọ́ọ̀sì. Aṣọ ìyá rẹ̀ tí mi ò gé ló ká sórí ẹsẹ̀. Kò gba gáùn. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó wà lọ́dọ̀ yín." Kò sọ ọ́ tìjàtìjà. Mo dúró síbẹ̀ títí bọ́ọ̀sì fi yà.

Ẹnu Ràmọ́nù ni mo ti gbọ́ ìyókù. Mútì kò dé Basam, kò dé etí ọ̀sà. Lọ́jọ́ tí olórin yẹn ṣeré ní pápá, inú àgbàlá ìyá rẹ̀ ló wà, ó ń gba àwọn tó wá kí i. Àwọn obìnrin tó bú u lórí fóònù wá bẹ̀ ẹ́, ó ní kò burú. Ó béèrè lọ́wọ́ Álífáà pé ṣé èèyàn lè fi aṣọ tí òkú ò wọ̀ rí ṣe sàráà fún un. Álífáà ní ó lè ṣe é, pé aṣọ náà ti di ti ìyá rẹ̀ láti ọjọ́ tí ìyẹn ti rà á. Mútì gbé e fún obìnrin tó wẹ òkú ìyá rẹ̀. Ó ní kí obìnrin náà kọ́kọ́ dúró, kí òun wo ibi tí orí màmá òun máa ń bá a dé. Obìnrin náà fi ọwọ́ hàn án ní etí ara rẹ̀. Mútì dúró tì í, ó wọ̀n ara rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló lò, ó sì bá bọ́ọ̀sì padà.

Ó yege nínú ìdánwò náà, ó yege dáadáa. Sàídátù ló wá sọ fún mi, ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń gbèjà àwa méjèèjì. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ti wọlé, Mútì ti wà ní ọdún kẹta. Ojú ewé rẹ̀ lórí Tíkítọ́ọ̀kì ṣì wà, kò fi nǹkan kan sí i mọ́.

Ó ṣì máa ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mi kọjá bó bá dé lọ́jọ́ Jímọ̀. Kì í fi ojú pa mí rẹ́, Kàdíjà àti Sàídátù kọ́ ọmọ wọn. Á sọ báàgì kalẹ̀, á kúnlẹ̀ dáadáa. Màá ti dá ẹ̀rọ dúró, màá máa retí. Á ní, "Ẹ káàsán, Bàbá Télọ̀," á gbé báàgì rẹ̀, á sì kọjá lọ sí òdìkejì títì.